Bá a ṣe lè dín ìnáwó ilé kù láìfi ebi pa ara wa

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́, Ìjẹ̀bú-Igbó, gbogbo yín pátá, ẹ kú ìnáwó o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò lọ́ rárá. Owó ilé kì í sábà tán sínú ìkòkò ọbẹ̀, ojú ọ̀nà ló ti máa ń jò dànù, nínú ríra nǹkan ní díẹ̀díẹ̀, nínú POS, nínú iná tó ń jó tẹ́nikẹ́ni ò wò ó, àti nínú aṣọ ẹbí, pàápàá aṣọ ẹbí. Torí náà ẹni tó bá lóun fẹ́ ṣọ́wó ná tó wá lọ ń yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ àwọn ọmọ, ibi tí ò kàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Ìjẹ̀bú mọ owó pa mọ́, èmi ò ní bá wọn jiyàn, àmọ́ kí wọ́n wá wò wá lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọdún tá a fi ń lọ kí ọba wa pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, ná kí wọ́n tó tún un sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ń gbà lọ

Oṣù kan gbáko, ẹ kọ gbogbo owó tó bá jáde sílẹ̀. Ìwé tọ́mọ ò lò tán níléèwé ti tó, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Ẹ má fi mọ sí ti oúnjẹ nìkan o, látorí rẹ́ńtì dé orí pure water, owó ọ̀kadà, dátà, owó tọ́mọ gbà lọ ra bisikíìtì, èyí tẹ́ ẹ fún alágbe lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tàbí tẹ́ ẹ jù sígbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má tíì dín nǹkan kan kù lóṣù yẹn, ẹ kàn máa kọ ọ́, torí ẹni tó bá ti ń ṣọ́ra látọjọ́ kìíní ò ní rí ìwà owó ẹ̀ gan-an. Kí tọkọtaya jọ kọ ọ́ ni o, kó má di pé màmá ń kọ owó ata, bàbá ò kọ owó bíà àti pẹpẹsúù.

Tóṣù bá parí, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta: èyí tí ò ṣeé yẹ̀ bíi rẹ́ńtì, owó iléèwé àti oògùn, èyí tó ṣeé dín kù bí oúnjẹ, iná, gáàsì, owó mọ́tò, àti èyí tó jẹ́ pé ojú ayé ló sọ ọ́ di dandan. Ẹ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ìkẹta yẹn, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ yọ ti ìpamọ́ kó tó kan ọjà

Ọjọ́ tówó bá wọlé náà ni kẹ́ ẹ yọ ti ìpamọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní òun ń dúró de èyí tó máa ṣẹ́ kù lópin oṣù, á dúró dé ọdún tó ń bọ̀ ni. Bó ti wù kó kéré, ẹ yọ ọ́, ibi tẹ́ ẹ máa wá fi sí lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wo bàbá alájọ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Ká ní ẹ̀ ń dá 500 náírà lójúmọ́, tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ ó di 15,000, bàbá á mú ti ọjọ́ kan, á kó 14,500 lé yín lọ́wọ́. Àwọn kan sọ pé ìrẹ́jẹ ni, wọ́n ní báńkì tiẹ̀ máa fi èlé díẹ̀ lé e. Lójú tèmi o, ẹni tówó kì í dúró lọ́wọ́ ẹ̀, 500 yẹn ò wọ́n, owó ẹsẹ̀ bàbá ni, àti owó pé kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i ná. Kó má ṣáà pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gbà á lóṣooṣù kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tó láàbò. Owó tó wà ní báńkì ńlá, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tá a fi sí báńkì, ló dúró fún un títí dé mílíọ̀nù 5 náírà bí báńkì bá kógbá sílé, ti microfinance jẹ́ mílíọ̀nù 2, ọdún 2024 ni wọ́n gbé e débẹ̀. Bí alájọ bá sá lọ ńkọ́? Ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni.

Èsúsú dáa fún ìnáwó tẹ́ ẹ ti mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ẹ tètè bá olórí èsúsú sọ̀rọ̀ kó jẹ́ pé oṣù kẹjọ ló máa kàn yín, torí oṣù kẹsàn-án niléèwé ń wọlé, ìwé, bàtà, yúnífọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣékù ni tèmi mo fẹ́ràn jù, torí owó tẹ́ ẹ bá ń dá síbẹ̀ lẹ máa rí yá lé lórí pẹ̀lú èlé tí ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i bí onídùúró fún ẹnikẹ́ni, bí onítọ̀hún ò bá san, inú tiyín ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní fọwọ́ kàn fọ́dún méjì mẹ́ta, ẹ lọ bi báńkì yín nípa FGN Savings Bond, owó tíjọba ń yá lọ́wọ́ ará ìlú ni, 5,000 náírà lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé ẹ̀.

Ọjà

Ibí yìí lowó pọ̀ sí, ẹ fara balẹ̀.

Nǹkan àkọ́kọ́, ẹ mọ àsìkò. Tòmátì àti tàtàṣé tó ń bọ̀ láti òkè ọya, láti oṣù kìíní sí ìkẹta ló máa ń pọ̀ tówó ẹ̀ ń wálẹ̀, tójò bá ti wá bẹ̀rẹ̀, láti bí oṣù karùn-ún sí ìkeje, apẹ̀rẹ̀ kan a máa le ju ẹran lọ. Nígbà tówó ẹ̀ bá wálẹ̀ ni kẹ́ ẹ ra apẹ̀rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi ẹ̀ fi gbẹ, ẹ fi òróró dín in, ẹ bù ú sínú ike, sínú fírísà. Ilé tí ò níná, ẹ sá ata yín gbẹ. Àlùbọ́sà a máa wálẹ̀ ní bí oṣù kejì sí ìkẹrin, a tún gbówó lórí lápá ìparí ọdún. Epo pupa, oṣù kejì sí ìkarùn-ún, kẹ́ẹ̀gì kan tẹ́ ẹ bá dé dáadáa tí oòrùn ò pa á, ó lè bá yín lò dé ọdún míì. Ẹ̀wà tuntun máa ń dé láti oṣù kẹwàá lọ. Iṣu, látìgbà tí tuntun bá ti jáde ní oṣù keje, kẹjọ, títí wọ Kérésì, ẹni tó bá ra iṣu ní oṣù karùn-ún, owó ìkánjú ló san.

Gàrí tiwa ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ á le, ẹ̀gẹ́ ò ní rọrùn wà, gàrí á gbówó lórí, torí náà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú ni kẹ́ ẹ ti ra àpò kan sílé. Ẹ bu díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ fún un, bó bá lẹ̀ mọ́ra wọn bí amọ̀, kò gbẹ, ó máa bu kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ẹ ju díẹ̀ sẹ́nu, gàrí Ìjẹ̀bú gidi gbọ́dọ̀ ró kaakà kó sì kan, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń jẹ́ kó kan kí wọ́n tó yan án. Èyí tí ò kan tí wọ́n ń tà fún yín lówó gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ dá a padà sínú àpò wọn.

Ìkejì, ẹ gbé kóńgò tiyín dání. Mi ò ṣàwàdà o. Àwọn kóńgò míì wà lọ́jà tí wọ́n ti lù nídìí wọnú, àwọn kan ti lẹ nǹkan mọ́ ọn nísàlẹ̀, ẹ̀ ń rò pé kóńgò márùn-ún lẹ rà, mẹ́rin àbọ̀ lẹ gbé délé. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú kóńgò oníǹkan kó tó wọ̀n ọ́n, bó bá bínú, kẹ́ ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ má sì tijú àtinájà, ní ọjà Òkè-Àjé tàbí Ìta-Ọ̀sù, ẹni tí ò bá ná ọjà, àlejò ni wọ́n máa fi pè. «Màmá, ẹ jẹ́ n san báyìí, mo sì máa padà wá.» Tó bá kọ̀ tí ò gbà, ẹ béèrè ènì. Ènì yẹn, ọwọ́ ẹ̀wà kan tàbí ata mẹ́ta mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá kó o jọ fún oṣù kan, ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni.

Ìkẹta tó ṣe pàtàkì jù, ẹ jọ rà á kẹ́ ẹ jọ pín in. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jọ ń gbé àdúgbò kan, ẹ dáwó, ẹ ra àpò ìrẹsì oní kílò 50 kan, àpò ẹ̀wà kan, kẹ́ẹ̀gì epo kan. Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní kóńgò kọ̀ọ̀kan ló ń bá alájàpá san owó mọ́tò àti owó ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń pín in láìjà nìyí: ẹ tẹ́ tapólì tàbí àpò mímọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ da ìrẹsì lé e, gbogbo ẹni tó dáwó ni kó wà níkàlẹ̀ o, kó má rán ọmọ wá. Kóńgò kan ṣoṣo lẹ máa lò. Ẹ bù ú kún, ẹ fi igi rúlà gbá orí ẹ̀ kó dọ́gba, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ gọ́gọ́ lé e torí gọ́gọ́ tìyá yìí lè ga ju ti ìyá yẹn lọ. Kóńgò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ tún yí i po, kẹ́ ẹ tó tún bu ìkejì. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ló máa mú tiẹ̀ kẹ́yìn, òfin yẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ tí ò pé kóńgò fún gbogbo yín, ẹ fi dẹ́ríkà wọ̀n ọ́n. Owó mọ́tò àti owó alábàárù, kí gbogbo yín pín in san, kó má já lé ẹni tó lọ sọ́jà lórí.

Ẹja náà, bẹ́ ẹ bá pọ̀ tó, ẹ lè rán ẹnì kan lọ sọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, ẹ ra tútù, kẹ́ ẹ yan án fúnra yín nílé.

Ẹ̀wà tẹ́ ẹ rà sílé, inú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ dà á sí, ẹ kún un dẹ́nu, ẹ dé e pinpin, bí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé kòkòrò ò ní rí mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n Sniper tàbí oògùn apakòkòrò kankan sí i lórí, NAFDAC ti pariwo ẹ̀ títí, owó ọsibítù ju owó ẹ̀wà lọ.

Ìdáná

Ẹ padà sídìí oúnjẹ ilé wa. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé kò ní ọbẹ̀ lọ́tọ̀, ewùrà tẹ́ ẹ rin, epo, ata, ẹja gbígbẹ, ìkòkò kan ṣoṣo lórí iná, gbogbo ilé á jẹ ẹ́ yó. Ẹ wá fi wé ìrẹsì àti dòdò pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tó ń gba ìkòkò mẹ́ta àti gáàsì ìlọ́po mẹ́ta. Ebìrìpò náà wà níbẹ̀, nígbà tí kókò bá pọ̀ lọ́jà, ó máa ń gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ wa.

Gáàsì: sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan lára, lọ́rùn tàbí létí ibi tẹ́ ẹ ti ń gbé e, ìwúwo rẹ̀ lófìfo ni. Tẹ́ ẹ bá lọ rọ kílò 12.5, ẹ ní kó gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ fi ìwúwo òfìfo kún 12.5, iye tẹ́ ẹ bá rí gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹni tí ò lè gbé e sórí ìwọ̀n lójú yín, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá délé ẹ pò ọṣẹ kó hó, ẹ fi í sí orí rẹgulétọ̀ àti ojú ọ̀nà róbà, bí ìfófòó bá ń yọ níbẹ̀, ó ń jò, owó yín ló ń jò yẹn, ewu sì ni. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ máa dé ìkòkò, ẹ sì fi iná tó wà lábẹ́ ìkòkò mọ sí ìdí ìkòkò, èyí tó ń là jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń sè.

Iná

Ẹni tó bá wà ní Band A, ìsọ̀rí àwọn tíná wọn pọ̀ jù tówó ẹ̀ sì le jù, ló mọ bó ṣe rí, láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé yúníìtì dé 225 náírà kó tó tún lọ sílẹ̀ díẹ̀, tí wákàtí ogún lóòjọ́ sì jẹ́ ìlérí wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gílóòbù aláwọ̀ pupa oní 60 watts márùn-ún, tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí mẹ́fà lálẹ́, yúníìtì 1.8 ló ń jẹ lójúmọ́, 54 lóṣù. Ẹ fi LED oní 9 watts rọ́pò márààrún, 8.1 ló máa jẹ lóṣù. Ká tiẹ̀ fi yúníìtì kan sí 200 náírà, 9,180 náírà ló ti kúrò nínú gílóòbù nìkan yẹn, iye gílóòbù LED yẹn ò ní tó ìyẹn.

Áyọ́ọ̀nù oní 1,000 watts, wákàtí kan, yúníìtì kan. Ẹ máa lọ aṣọ gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ Àìkú, ẹ yéé tàn án láàárọ̀ fún ṣẹ́ẹ̀tì kan. Bẹ́ ẹ bá fura pé yúníìtì ń tètè tán, ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú ilé, ẹ yọ fíríìjì náà, ẹ lọ dúró níwájú mítà, ẹ wo iná pupa kékeré tó máa ń ṣẹ́jú. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ń jó, ẹ pe oníná, bóyá wáyà aládùúgbò ti wọ tiyín.

Dátà àti mọ́tò, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ra èyí tó máa lo oṣù kan, ẹ jọ máa wọ mọ́tò kan lọ sọ́jà, ká má fi ìyẹn fàkókò ṣòfò.

POS àti báńkì

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2025, owó tẹ́ ẹ bá gbà lẹ́nu ATM báńkì tiyín, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ti báńkì míì, 100 náírà lórí 20,000 kọ̀ọ̀kan, tí ATM yẹn ò bá sì sí nínú ọgbà báńkì, bíi ti ọjà tàbí ti ilé epo, wọ́n lè fi tó 500 náírà lé e. Nítorí náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ lọ sẹ́nu ATM yín, ẹ gba ti ọ̀sẹ̀ náà pọ̀. Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin POS ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún méjì méjì, tó ń san ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, kó kàn kà á lọ́dún.

Òde ṣíṣe

A ti dé ìdí ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Sátidé kan ò lè kọjá láìsí òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó, ìkómọ tàbí ilé ṣíṣí, gbogbo ẹ̀ ló ní àwọ̀ tiẹ̀. Ẹ ṣe àpótí òde lọ́tọ̀. Iye tẹ́ ẹ bá yàn sínú ẹ̀ lóṣù náà ni ti òde, tó bá ti tán, ó ti tán, a ò ní fi ti gàrí dí i.

Bí wọ́n bá wá gbé aṣọ wá, ẹ bi ara yín pé ta ni ẹni yìí sí mi. Ọmọ ìyá, ọ̀rẹ́ tó gbé yín dìde rí, àna, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀. Àwọn yòókù, ẹ dá wọn lóhùn kíákíá tẹ̀ríntẹ̀rín, torí dídákẹ́ ló ń di ìjà. «Ẹ̀gbọ́n mi, a máa wá o, tẹbí tẹbí la ó wá, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀sì yìí ti ju agbára mi lọ lóṣù yìí, ẹ jẹ́ n fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi ki yín.» Ẹ fi sí àpòòwé, ẹ fún un kí òde tó pé, nígbà tó ń wá owó kiri. Ẹni tó gba owó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú òde ò ní rántí pé ẹ ò wọ lẹ́ẹ̀sì, àwọn tó wọ lẹ́ẹ̀sì tí ò fún un ní nǹkan kan ló máa rántí.

Iléyá àti Ojúde Ọba náà, ẹni tó wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tọ́jọ́ orí wọn sún mọ́ra, mọ̀ pé aṣọ ń bọ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe ìròyìn. Ohun tí kì í dúró lójú kan ni ọjọ́ ẹ̀, ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún wá síwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún 2024, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ní 2025, ti 2026 ti di ìparí oṣù karùn-ún, ọjọ́ kẹta ẹ̀ sì ni Ojúde Ọba. Ẹ pín owó aṣọ, àgbò àti télọ̀ sí oṣù mẹ́wàá, ẹ máa dá a ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé aṣọ fún télọ̀ nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ ṣì dilẹ̀, télọ̀ tẹ́ ẹ gbé aṣọ fún ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, iye tó bá wù ú ló máa pè. Àgbò náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbára díẹ̀díẹ̀, ẹ lọ bi àlùfáà yín nípa kí èèyàn méje jọ ra màlúù kan, ẹ̀sìn fàyè gbà á.

Bí gbèsè bá ti wà nílẹ̀

Ẹ kọ gbogbo gbèsè sójú ìwé kan, iye ẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ jẹ, èlé ẹ̀. Èyí tí èlé ẹ̀ le jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san tán, ẹ máa fún àwọn yòókù ní díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má baà pariwo. Lọ́pọ̀ ìgbà app tó ń yáni lówó lórí fóònù ló máa ń le jù, èyí tó ní kẹ́ ẹ gba 20,000 kẹ́ ẹ san án láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí wọ́n á ti yọ tiwọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, tẹ́ ẹ bá pẹ́ wọ́n á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna yín àti pásítọ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á dandan, ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí àkọsílẹ̀ FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, bóyá wọ́n mọ app náà, ẹ má sì jẹ́ kó wọ inú nọ́ńbà àwọn èèyàn yín. Bẹ́ ẹ bá wà lẹ́gbẹ́ alájẹṣékù, ẹ lọ yá owó níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi san ti app yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, kẹ́ ẹ wá máa san ti ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ọ̀nà tó yá jù nìyẹn.